Nọ́ńbà Bàbá Mi Lápá Màmá Àgbà

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n fín nọ́ńbà fóònù bàbá mi sí apá òsì Màmá Àgbà, tí wọ́n sì fi mí ṣe ẹni tí yóò máa tọ́jú ojú egbò náà títí yóò fi jiná. Àkókò ooru ni, ìgbà tí òjò ti jìnnà, tí páànù orí ilé wa á máa dún ta-ta-ta lọ́sàn-án bí ìgbà tí ẹnì kan ń sọ òkúta wẹ́wẹ́ lù ú, tí ògiri á gbóná débi pé èèyàn ò lè fẹ̀yìn tì í. Bí mo bá ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ mi, ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rín. Wọ́n á ní, "Mọ́mì, arúgbó tó ń kírun ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ ló lọ ṣe tátúù ní Sùúrùlérè?" Màá ní bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ni, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́.

Màmá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti mú un wá sí Mushin nígbà tó jẹ́ ìyàwó tuntun, kò sì kúrò ní Mushin mọ́. Ilé oníyàrá mẹ́wàá ni à ń gbé, yàrá márùn-ún kọjú sí márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tó ṣókùnkùn ló la àárín wọn. Yàrá méjì tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ni tiwa. Bí mo bá di ojú mi báyìí, mo ṣì ń gbọ́ bí ilé yẹn ṣe máa ń jí: ìpè Àsùbáà láti mọ́sálásí òpópónà kejì, ìró búútà àlùwàlá tí wọ́n gbé kalẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ẹnì kan tó ń húkọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi tí yóò bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ ìlọta àdúgbò tí yóò bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Aránṣọ ni ìyá mi. Káfíńtà ni bàbá mi, òórùn pákó kì í sì í kúrò lára rẹ̀, kódà lọ́jọ́ Jímọ̀ tó bá wọ aṣọ funfun. Ní ti Màmá Àgbà, ẹnu ọ̀nà ni ibùjókòó rẹ̀, lórí àpótí kékeré tí bàbá mi kàn fún un, kò sì sí ẹni tó ń wọlé tàbí tó ń jáde tí kì í gba àdúrà lẹ́nu rẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀wà àti gààrí la jẹ, á ní, "Ọlọ́run, a rí ti òní, a dúpẹ́," bí ẹni pé wọ́n pa àgbò fún un.

Orúkọ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Wọ́n ti fín in sí i láti ìgbà ọmọge, Sàrátù, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà tí àwọ̀ rẹ̀ ti dà bíi ti ewé tó gbó, tó sì ti fẹ̀ díẹ̀ bí awọ ara ṣe ń rọ̀. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé orúkọ òun ni, ó sì máa ń fi ìka tọ àwọn lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan fún mi. Ó ní nígbà tàwọn, ọmọbìnrin tí ò bá fín nǹkan kan sára, ojo ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa pè é. Ó ní obìnrin tó fín tòun so abẹ́rẹ́ mẹ́ta pọ̀, ó fi gún un, ó wá fi dúdú ìdí ìkòkò kín ojú rẹ̀. "Mi ò sunkún o," á ní. "Àṣàkẹ́ ló sunkún, ọmọ ilé kejì wa. Títí ó fi relé ọkọ la fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́." Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Màmá Àgbà rántí Àṣàkẹ́ àti abẹ́rẹ́ mẹ́ta dáadáa, ṣùgbọ́n kì í rántí pé òun ti jẹun. Iyè rẹ̀ ti ń ra. Á bi mí pé ọmọ ta ni mí láàárọ̀, á tún bi mí lọ́sàn-án, nígbà tí mo bá sì dá a lóhùn, á gbá mi mọ́ra bíi pé ìrìn àjò ni mo ti dé.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ tátúù nìyí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ìyá mi lọ gbé aṣọ fún oníbàárà, ó ní kí n jókòó ti Màmá. Mo jókòó tì í lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í ta tẹ̀ńtẹ́, mo ní kí n kàn ta ẹ̀ẹ̀kan péré. Nígbà tí mo fi máa bojú wẹ̀yìn, àpótí nìkan ló kù. Wákàtí mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi wá a. Ibi tí wọ́n ti rí i ló dẹ́rù bà wá jù. Àwọn èèyàn rere kan ló pàdé rẹ̀ níbi tó ti ń rìn gbéregbère. Wọ́n bi í lórúkọ, ó ní Sàrátù. Wọ́n wo apá rẹ̀, Sàrátù náà ni wọ́n kà níbẹ̀. Wọ́n bi í níbi tí ilé rẹ̀ wà, ó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n bá mú un lọ sí gáréèjì, wọ́n dá owó ọkọ̀ fún un láàárín ara wọn, wọ́n ra búrẹ́dì àti omi fún un, wọ́n sì fi í sí iwájú ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, kí ó lè rí atẹ́gùn. Èrò kan ṣoṣo ló kù kí ọkọ̀ náà kún nígbà tí ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tó wá gba ẹrù ní gáréèjì rí i. Mo ti rí ìwà ibi púpọ̀ ní Èkó láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n oore àwọn èèyàn yẹn ló ṣì máa ń já mi láyà jù. Kò sí ẹnì kankan tó kù tó mọ Màmá Àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́, ìfẹ́ gidi ni wọ́n sì fẹ́ fi gbé e lọ síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n mú un délé, bàbá mi kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn pé Mushin lẹ̀ ń gbé?" Màmá Àgbà wo apá ọ̀tún rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Orúkọ mi ni wọ́n kọ síbí. Wọn ò kọ ọ̀dọ̀ ẹ." Ó wá na apá òsì sí i. "Kọ ọ̀dọ̀ ẹ sí èyí." A ti gbìyànjú àwọn nǹkan mìíràn ṣáájú. Ìyá mi ti rán nọ́ńbà fóònù sí etí ìborùn rẹ̀, ó gbé ìborùn náà ta obìnrin kan lọ́rẹ. Bàbá mi ti ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára ẹ̀gbà ọwọ́, ó bọ́ ọ fún alágbe, ó ní sàárà ni. Ohun tí kò ní lè fi ṣe sàárà ni a ń wá, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ibi tí a ó ti rí i.

Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn nílé wa. Ìyá mi ò fẹ́. Ó ní, "Bàbá Rísì, ṣé a ó wá máa kọ nǹkan sára Àlájà ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, nígbà tí a mọ̀ pé ẹ̀sìn ò fẹ́ ẹ?" Bàbá mi lọ pe Alfa Sánní, ẹni tó ń kọ́ èmi àti àwọn ọmọ àdúgbò ní kéwú. Alfa wá, ó bọ́ bàtà sílẹ̀, ó jókòó sórí ẹní, wọ́n ro gbogbo ẹjọ́ fún un láti orí ìborùn dé orí ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Gàníyù, mi ò lè sọ fún ẹ pé ó dára. Mi ò sì lè sọ fún ẹ pé kí o jẹ́ kí ìyá ẹ sọnù. Tí o bá máa ṣe é, tọrọ àforíjì kí o tó jáde nílé, èmi náà á bá ẹ tọrọ." Mo ti kàwé púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, mo sì ti jókòó níwájú àwọn tó mọ̀ ju Alfa Sánní lọ. N kò tíì gbọ́ èsì tó wọ̀ mí lọ́kàn tó ti ẹni tó mọ ibi tí ìmọ̀ tòun parí sí, tó wá nawọ́ sókè pẹ̀lú wa.

Ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Fẹ́mi ló ṣe iṣẹ́ náà, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Sùúrùlérè. Bàbá mi ló kan àga gígùn tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń dùbúlẹ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọra. Fẹ́mi di irun rẹ̀ ní dàda kéékèèké, àwòrán ejò sì lọ́ mọ́ ọrùn rẹ̀. Nígbà tí Màmá Àgbà wọlé, ọmọ náà sáré pa orin tó ń lu gbì-gbì níbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Màmá Àgbà wo ejò náà, ó wo ojú ọmọ náà, ó ní, "Ta ló fín tìrẹ? Ọwọ́ rẹ̀ mọ́." Fẹ́mi rẹ́rìn-ín títí. Ó fi bíró kọ nọ́ńbà náà sí apá Màmá ná, òǹkà mọ́kànlá lórí ìlà kan, ó ní kí bàbá mi kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ wá fi fóònù tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láti ara apá Màmá. Fóònù bàbá mi dún nínú àpò rẹ̀. Ó bá mi lójijì bí ìgbà tí ẹ̀dá alààyè bá dáhùn. Ara Màmá Àgbà ni wọ́n kàn wò, bàbá mi sì dún.

"Màmá, ó máa ta yín díẹ̀ o," Fẹ́mi wí. "Tó bá ti pọ̀ jù, ẹ ṣá ti sọ fún mi."

"Ọmọ, ṣe iṣẹ́ ẹ. Èmi kọ́ ni Àṣàkẹ́."

Kò mira. Ẹ̀rọ náà ń kùn bí eṣinṣin ńlá, ètè rẹ̀ ń lọ lórí àdúrà, ó sì ń fi ọwọ́ kejì pa orí mi jẹ́jẹ́, bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń gún. Nígbà tí ó parí, Fẹ́mi nu ẹ̀jẹ̀ kúrò, ó fi oògùn pa á, ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ ni nọ́ọ̀sì Màmá, àbí? Gbọ́ dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni kí o fi omi mímọ́ àti ọṣẹ tí ò ta fọ̀ ọ́ wéré, kí o rọra nu ún, kí o fi òróró yìí pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Má fi pọ̀, ó gbọ́dọ̀ máa mí. Má jẹ́ kí oòrùn pa á. Má jẹ́ kó wà nínú omi. Ó máa yún wọn gan-an ní ọjọ́ kẹrin, ìkarùn-ún. Tó bá ń yún wọn, rọra fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, wọn ò gbọ́dọ̀ họ ọ́. Èépá tó bá bo ojú ẹ̀, tó bá ṣí kó tó yá, àwọ̀ á bá a jáde ni." Mo ka gbogbo rẹ̀ lórí bí ẹni ń ka súrà.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀. N kò tíì ṣe iṣẹ́ tó wù mí báyẹn rí. Ìyá mi gé ọwọ́ òsì bùbá Màmá kúrú kí aṣọ má bàa máa họ ọ́. Wọ́n gbé àpótí rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń wọlé níbẹ̀, wọ́n gbé e sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iná kì í sí. Mo máa ń jókòó tì í bí mo bá ti dé láti ilé ìwé, màá máa fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin, màá sì máa nu òógùn kí ó má ṣàn dé ojú egbò. Àwọn ayálégbé tó ń kọjá á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Bàbá Ìlọrin tó wà ní yàrá ìkẹjọ máa ń bi í pé, "Àlájà, ẹ̀yin ọmọge òde òní, ṣé ti àyà náà ń bọ̀?" Màmá Àgbà á ní, "Lọ bi ìyàwó ẹ, òun ló máa sọ ibi tó kàn."

Àárọ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Nítorí pé ní àràárọ̀ ni Màmá Àgbà máa ń gbàgbé pé wọ́n fín nǹkan kan sí òun lára. Á jí, á rí i, ojú rẹ̀ á ṣe bákan.

"Ta ló kọ nǹkan yìí sí mi lápá?"

"Fẹ́mi ni, Màmá. Nọ́ńbà fóònù bàbá mi ni."

"Ta ni bàbá ẹ?"

"Gàníyù. Ọmọ yín."

"Gàníyù mi?" Á gbé apá náà sún mọ́ ojú, á wò ó lọ wò ó bọ̀. "Gàníyù mi ló wà lára mi báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ọlọ́run tóbi!"

Ní àràárọ̀. Ìhìn kan náà, ayọ̀ kan náà, kò dínkù. Èmi wá dàgbà di ẹni tí nǹkan rere máa ń sú bó bá ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti ní ọkọ, mo ti ní ọmọ, mo ti ní ilé, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí mo máa ń jí tí n kì í rí ìkankan nínú wọn. Nígbà náà ni mo máa ń rántí arúgbó yẹn tó ń gba ọmọ rẹ̀ lọ́tun láràárọ̀.

Àlùwàlá ló wá di ìjà. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ kírun gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, nọ́ńbà náà sì wà láàárín ọrùn ọwọ́ àti ìgúnpá gan-an. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ ni fún ẹni tí iyè rẹ̀ pé. Màmá Àgbà á ṣe àlùwàlá, á dìde láti kírun, á gbàgbé pé òun ti ṣe é, á tún gbé búútà. Mo ka mẹ́rìnlá lọ́jọ́ kan. Mo ké gbàjarè, wọ́n ránṣẹ́ sí Alfa Sánní. Alfa ní egbò ni, aláìsàn ní àyè, ó gbé yanrìn mímọ́ wá nínú àwo pẹrẹsẹ, ó fi hàn án bí yóò ṣe fi ọwọ́ lù ú, tí yóò fi pa ojú àti ọwọ́. Màmá Àgbà gbọ́ ọ dáadáa. Ó dúpẹ́. Kí Alfa tó wọ bàtà tán, ó ti gbàgbé. Ó wo àwo náà, ó wò mí. "Omi wà nínú búútà, o wá gbé yanrìn síwájú mi. Ṣé aṣálẹ̀ la wà ni?"

Ọgbọ́n wá dé sí mi lórí, ọgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo gé ìsàlẹ̀ àpò náílọ̀nù omi mímu, mo fọ̀ ọ́ mọ́, mo fi wé apá Màmá láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, mo fi rọ́bà ìdirun mi dè é lókè àti nísàlẹ̀. Inú mi dùn. Omi dà sí i, ó ń yọ̀ dànù. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo fẹ́ kó yà wọ́n lẹ́nu. Ọjọ́ kan ààbọ̀ ni mo fi wé e bẹ́ẹ̀, nínú ooru yẹn. Nígbà tí mo tú u ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, òógùn ti kún inú rẹ̀, awọ apá náà ti funfun, ó ti rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi, èépá tó wà ní ìparí nọ́ńbà náà sì bá náílọ̀nù wá. Mo rí dúdú kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ní apá Màmá, ojú egbò pupa kan ṣí síbẹ̀.

Nígbà tó jiná tán, òǹkà mẹ́wàá yọ kedere. Mi ò lè gbàgbé bí wọ́n ṣe ń yọ jáde lábẹ́ èépá lọ́kọ̀ọ̀kan, dúdú tó ń dán lára awọ arúgbó, bí ohun tí ẹnì kan ti inú kọ. Ìkọkànlá nìkan ni kò sí, àpá ràbàtà kan ló wà níbẹ̀. Bàbá mi gbé apá náà lọ sí ojú ìmọ́lẹ̀, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Kò nà mí. Ì bá sàn kí ó nà mí. Fẹ́mi ní a ò lè fi abẹ́rẹ́ kan ibẹ̀ mọ́ àfi tí awọ bá le padà, ó kéré tán oṣù kan. Bàbá mi ní, "Oṣù kan," ó sì wo ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ilé oníyàrá mẹ́wàá ni, kò sí bí a ṣe lè tì í. Láràárọ̀ ni mo ń fi bíró kọ òǹkà tó sọnù náà, ẹ̀jọ, sí orí àpá náà kí n tó lọ sí ilé ìwé. Láràárọ̀ ni àlùwàlá ń fọ̀ ọ́ dànù. Nígbà tí a bá ń kírun, n kò tọrọ nǹkan mìíràn: Ọlọ́run, jẹ́ kí oṣù yìí pé kí Màmá tó jáde.

Kò pé. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù nígbà tí mo dé láti ilé ìwé tí mo bá ìyá mi lójú títì láìwọ bàtà. Ó ní òun kàn wọlé lọ fi òwú sí abẹ́rẹ́ ni, Màmá ti jáde. Bàbá mi ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú èérún pákó nírun. Ó ní gáréèjì ni kí a kọ́kọ́ lọ, èmi sì di aṣọ rẹ̀ mú, n kò jẹ́ kí ó fi mí sílẹ̀. A wo gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ sí òkè lọ́hùn-ún. A bi àwọn agbèrò. Ẹnì kankan ò rí i. Bàbá mi mú fóònù dání ní gbogbo ìgbà, ó ń wò ó, mo sì mọ̀ pé kò ní dún. Èmi ni mo mú un yadi. Mo fẹ́ sọ fún un, ni fóònù náà bá dún.

Ohùn obìnrin ni. Ó ga débi pé èmi náà gbọ́ ọ. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú, ṣé ẹ mọ ìyá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Sàrátù?" Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí, láàárín gáréèjì, pẹ̀lú gbogbo èrò.

Mọ́sálásí kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ló ti pè. Ọ̀kadà la gùn débẹ̀. Lápá ibi tí àwọn obìnrin ń jókòó, a bá Màmá Àgbà lórí ẹní, ó na ẹsẹ̀, ó ń mu ògì tútù, obìnrin bíi méje ló yí i ká. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, Àlájà Mùnírátù, tó ni ohùn inú fóònù, ló ròyìn fún wa. Ó ní ìrun Alásárì ni màmá wọlé fún. Ó jókòó síbi ẹ̀rọ omi láàárín wọn, ó ká aṣọ sókè láti fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ni ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá rí ìkọ̀wé. Àwọn rò pé àdììtú ni, títí ẹnì kan fi ní nọ́ńbà fóònù ni, pé òǹkà ìparí ló fọ́.

"Ẹ wá ṣe é báwo, mà?" bàbá mi bèèrè.

"Kí la ó tún ṣe? A ń fi òǹkà kọ̀ọ̀kan dí àyè ìparí, a bẹ̀rẹ̀ látorí òdo ni." Ó ka orí ìka rẹ̀. "Fóònù mẹ́ta la ní láàárín wa. Bí káàdì ti ẹnì kan bá tán, ẹlòmíràn á gbà á. Òdo ò lọ. Ọ̀kan, ọkùnrin kan bú wa, ó ní gbájúẹ̀ ni wá. Èjì, obìnrin kan gbé e ní Ìlọrin, kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ta kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀rin, dẹ́rẹ́bà kan ni, ó wà lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀. Báyìí la ṣe ń lọ. Ìwọ ni ẹ̀jọ."

Bàbá mi fẹ́ dọ̀bálẹ̀, wọ́n dá a dúró. Èmi sì bú sẹ́kún, mo jẹ́wọ́ fún gbogbo wọn pé náílọ̀nù ni, èmi ni mo wé e, èmi ni mo ba nọ́ńbà jẹ́. Àlájà Mùnírátù fà mí mọ́ra. Ó ní, "Ìwọ lo tọ́jú mẹ́wàá yòókù? O káre o! Bí ẹ̀jọ ò sí, ká ní mẹ́wàá yẹn ò sí ńkọ́?"

Ibẹ̀ la ṣì wà tí ọ̀kan nínú fóònù mẹ́ta náà fi dún. Obìnrin Ìlọrin ni. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti pe òun ni òun ò lè ṣe nǹkan kan mọ́, ṣé wọ́n ti rí àwọn ará ilé ìyá náà? Wọ́n ní wọ́n ti rí wọn. A gbọ́ bí ó ṣe pariwo ọpẹ́, tí àwọn mìíràn sì ń bá a pariwo lọ́hùn-ún, ó ti sọ fún gbogbo ilé. Kò pẹ́, òmíràn dún. Ẹni tó bú wọn ni. Ó ní kí wọ́n má bínú, ó ní òun ní ìyá. Mo dúró láàárín àwọn obìnrin yẹn, mo ń wo apá Màmá Àgbà, mo sì ń ronú nípa àwọn èèyàn tí n kò mọ̀, ní ìlú tí n kò dé rí, tí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀ nítorí ẹni tí kì í ṣe tiwọn. Àṣìṣe mi ló wá wọn kàn. N kò tíì ní ọ̀rọ̀ fún un títí di òní, àfi kí n máa dúpẹ́.

Dẹ́rẹ́bà ló pè kẹ́yìn. Ó ní òun ti páàkì sí ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn èrò òun ló ní kí òun dúró kí àwọn gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí. Kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn, Màmá Àgbà na ọwọ́, ó gba fóònù náà, ó gbé e sétí.

"Gàníyù?"

Bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èjìká rẹ̀ kan tirẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè bíi pé ó fẹ́ gba fóònù, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Lọ́hùn-ún, lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, a gbọ́ ìró ọkọ̀ ńlá tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà.

"Ẹ̀n, Màmá," ó wí.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Ṣé ara ẹ le?"

"Ara mi le, Màmá. Ẹ ṣàdúrà fún mi."

Màmá Àgbà bá gbé ọwọ́ òsì sókè, apá náà ṣí sílẹ̀ gbangba pẹ̀lú òǹkà mẹ́wàá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ṣàdúrà fún ọkọ̀ rẹ̀, fún ọ̀nà, fún ìyàwó àti àwọn ọmọ tí kò mọ̀. Gbogbo wa ń ṣe àmín, àwọn èrò ọkọ̀ ń ṣe àmín nínú fóònù, bàbá mi náà ń ṣe é, ohùn tirẹ̀ ló sì ròkè jù.